Búrẹ́dì Ẹlẹ́ran Lójú Àjò: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn tí Iṣẹ́ ń Gbé Lọ sí Amẹ́ríkà

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Ìbàdàn. Ó ní ilé-iṣẹ́ tí ọkọ òun wà máa ń rán an lọ sí Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti lọ wo ẹ̀rọ tí wọn yóò rà. Bàbá náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Nílé, ìyàwó rẹ̀ a máa ṣọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ owó, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá ti àjò dé, tí wọ́n bá wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọsibítù, wọn a rí i pé ó ti gòkè. Bí ìyàwó bá sì bi í pé kí ni ó ń jẹ lọ́hùn-ún, èsì kan náà ni í máa ń fún un: "Búrẹ́dì lásán ni mo ń jẹ." Ìyá náà wá bi mí pé, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé búrẹ́dì a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ru ni?"

Mo dá a lóhùn pé kì í ṣe búrẹ́dì lásán ni ọkọ yín ń jẹ, ìyá. Ohun tí ó wà láàárín búrẹ́dì náà ni kí a yẹ̀ wò.

Èmi náà ti rin irú ìrìnàjò bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, mo sì mọ bí ọjọ́ iṣẹ́ ti ń rí níbẹ̀. Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni ìpàdé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi parí, ebi á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ènìyàn kú, ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ìlú kejì kò sì ní í dúró dè é. Ta ni yóò máa wá àmàlà kiri ní irú wákàtí bẹ́ẹ̀? Ohun tí ó bá yá, tí a lè mú lọ́wọ́ jẹ, ni a ó rà. Nítorí náà èmi kò ní í sọ fún bàbá náà pé kí ó má fẹnu kàn án. Mo fẹ́ kí ó mọ èyí tí yóò rà, ibi tí yóò ti rà á, àti ìwọ̀n tí ara rẹ̀ lè gbà.

Sáńwíìṣì ni wọ́n ń pe búrẹ́dì tí a là, tí a kó ẹran tàbí nǹkan mìíràn sí láàárín. Orúkọ oyè ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, John Montagu, Earl of Sandwich, tí ó gbé ayé láti 1718 sí 1792, ni wọ́n fi sọ ọ́. Kì í ṣe nǹkan àjèjì sí wa: ẹni tí ó bá ti fi àkàrà gbígbóná sí àárín búrẹ́dì Àgége rí ti jẹ sáńwíìṣì. Họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì ni èkejì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ajá gbígbóná", ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má bẹ̀rù, kò sí ẹran ajá níbẹ̀ (kí àwọn ọmọ Ògún má bínú). Sọ́sééjì ni, irú èyí tí àwọn tí ó ṣí wá láti Jámánì àti Austria gbé dé Amẹ́ríkà. Wọn a lọ ẹran kúnná, wọn a pò ó mọ́ iyọ̀, àti èròjà amọ́bẹ̀dùn, àti oògùn kan tí ń jẹ́ nitrite tí kì í jẹ́ kí kòkòrò tètè ba ẹran jẹ́, tí í sì mú kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n. Wọn a wá rọ ọ́ sínú awọ tẹ́ẹ́rẹ́, wọn a sè é.

Bí iṣẹ́ bá gbé yín dé Chicago, ibẹ̀ ni kí ẹ ti jẹ họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì, bí ẹ óò bá jẹ ẹ́ rárá. Ìlú ẹran ni ìlú náà láti ìgbà pípẹ́. Ní ọdún 1906 ni Upton Sinclair tẹ ìwé rẹ̀, The Jungle, jáde nípa ẹ̀gbin tí ó wà ní ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran níbẹ̀, ariwo tí ó tẹ̀lé e sì wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin àyẹ̀wò ẹran ní ọdún náà gan-an. Ẹran màlúù nìkan ni wọ́n fi ń ṣe sọ́sééjì tí ìlú náà fi ń yangàn. Wọn a bọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n fi oru omi mú un gbóná, wọn a tẹ́ ẹ sínú búrẹ́dì rírọ̀ tí wọ́n wọ́n hóró poppy sí lára, wọn a wá fi mọ́sítáàdì, àlùbọ́sà gígé, tòmátì, ata wẹ́wẹ́, àti apálá tí wọ́n rẹ sínú ọtí kíkan sí i. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọn a tún bu iyọ̀ tí wọ́n pò mọ́ seleri wọ́n ọn lórí. Ẹ má bèèrè kẹ́ṣọ́ọ̀pù. Èèwọ̀ ni lójú àwọn àgbà ibẹ̀, wọn yóò sì wò yín bí ẹni tí ó bu ṣúgà sí ọbẹ̀ ẹ̀gúsí.

Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kò ní í purọ́. Wọn kì í dín in nínú òróró, tòmátì àti àlùbọ́sà tútù sì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ka iyọ̀ inú rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí gbogbo iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kí ó má tó ṣíbí ìrotíì kan, àti èyí tí a fojú rí àti èyí tí ó fara pamọ́ sínú oúnjẹ. Sọ́sééjì kan ṣoṣo sábà máa ń ní iyọ̀ tí ó lé ní gíráàmù 1. Iyọ̀ wà nínú búrẹ́dì, ó wà nínú mọ́sítáàdì, ó wà nínú apálá kíkan, iyọ̀ seleri sì tún gorí gbogbo wọn. Àpapọ̀ rẹ̀ a máa tó ìdajì iyọ̀ òòjọ́, nígbà mìíràn a máa jù ú lọ. Ẹni tí ó bá jẹ méjì ti jẹ iyọ̀ òòjọ́ rẹ̀ tán kí oòrùn tó yí, kò ì tíì sì fọwọ́ kan ànàmọ́ dídín tí wọ́n ń fún un pẹ̀lú rẹ̀. Ibí yìí ni mo rò pé ẹ̀jẹ̀ bàbá náà ti ń gòkè. Ẹyọ kan ni kí ó rà. Kí ó sọ fún ẹni tí ń tà á pé kí ó fi iyọ̀ seleri àti apálá kíkan sílẹ̀, kí ó fi tòmátì àti àlùbọ́sà kún un. Wọn kì í bínú sí èyí. Kẹ́ṣọ́ọ̀pù nìkan ni wọ́n ń bínú sí.

Philadelphia kò fi sọ́sééjì ṣe tirẹ̀. Ní ọdún 1930 ni Pat àti Harry Olivieri, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹran màlúù pẹlẹbẹ tí a yan lórí irin gbígbóná nínú búrẹ́dì gígùn ní gúúsù ìlú náà. Wàràkàṣì dé bá a lẹ́yìn náà. Ní 1966 ni ilé oúnjẹ Geno's dé iwájú wọn ní òdì kejì títì, àwọn ará ìlú sì ń jiyàn títí di òní nípa ẹni tí tirẹ̀ dùn jù. Ìjà tiwọn nìyẹn. Ohun tí ó kan èmi ni pé ẹran tútù ni, kì í ṣe ẹran tí a fi iyọ̀ pa mọ́ tẹ́lẹ̀. Inú wàràkàṣì, inú búrẹ́dì àti ọwọ́ ẹni tí ń yan án ni iyọ̀ rẹ̀ ti ń wá, ẹ sì lè bẹ̀ ẹ́ kí ó rọra. Ẹ bèèrè àlùbọ́sà yíyan púpọ̀. Ẹ sọ pé kí wọ́n fi provolone díẹ̀ sí i dípò wàràkàṣì olómi aláwọ̀ òféèfé tí wọ́n ń dà lé e. Búrẹ́dì náà gùn ju ohun tí ẹnìkan yẹ kí ó dá jẹ lọ, nítorí náà kí ẹ̀yin àti ẹni tí ẹ jọ wá síbi iṣẹ́ pín in sí méjì. Bí ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru bá ní kí n yàn fún òun, ìdajì èyí ni n ó yàn, n kò ní í yan họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì.

Ní New Orleans, ẹ óò rí muffuletta, búrẹ́dì ribiti ńlá tí àwọn ará Sicily tí wọ́n ṣí wá síbẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Central Grocery ní 1906. Itan ẹlẹ́dẹ̀, salami, wàràkàṣì àti èso ólífì ni ó wà nínú rẹ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí a kò fi iyọ̀ tọ́jú. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan tó fún ẹni tí ara rẹ̀ le. Ẹlẹ́jẹ̀ ríru, ẹ fi í sílẹ̀. Po'boy ni kí ẹ wá. Ní 1929, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin ìgboro da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ Martin méjì, Bennie àti Clovis, tí àwọn náà ti ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ náà rí, ń fún wọn ní búrẹ́dì ẹlẹ́ran lọ́fẹ̀ẹ́, ibẹ̀ ni ìtàn sì ti ní orúkọ náà ti wá. Ní New York, Coney Island ni ìdí họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì; láti 1916 ni Nathan's ti ń ta tirẹ̀ níbẹ̀, kọ́bọ̀ márùn-ún owó wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni àlejò yóò ṣe mọ ilé oúnjẹ tí ó dára? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ìwé ìpolówó tí ó wà nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ bi awakọ̀ takisí tàbí ẹni tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé, "Níbo ni ẹ̀yin fúnra yín ti ń jẹun ọ̀sán?" Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlú bá tò sí ní ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kì í ṣe nítorí adùn nìkan. Níbi tí èrò pọ̀ sí, oúnjẹ kì í pẹ́ lórí igbá kí ó tó tán, ẹran kò sì ní í jókòó sínú ìlọ́wọ́ọ́wọ́ tí kòkòrò àrùn fẹ́ràn. Ní New York, láti 2010 ni ìjọba ìlú ti ń fi lẹ́tà A, B tàbí C sí ojú fèrèsé ilé oúnjẹ lẹ́yìn àyẹ̀wò ìmọ́tótó. Los Angeles ti ń ṣe irú rẹ̀ láti 1998. Ẹ wo fèrèsé kí ẹ tó wọlé. Ẹ sì wo ọwọ́ ẹni tí ń tà: bí ó bá fi ọwọ́ kan náà gba owó tí ó sì fi mú búrẹ́dì, ẹ kọjá.

Kí ẹran náà máa rú èéfín nígbà tí wọ́n bá gbé e fún yín. Kòkòrò kan wà tí ń jẹ́ Listeria, tí òtútù fíríìjì kì í pa, tí ó tilẹ̀ ń pọ̀ sí i níbẹ̀. Ní ọdún 2024, ẹran pẹlẹbẹ tútù tí wọ́n ń gé fún sáńwíìṣì mú ènìyàn 61 ní Amẹ́ríkà, ó sì pa 10 nínú wọn. Ẹ̀yin ìyá oníṣòwò tí ẹ lóyún, kòkòrò yìí lè ba oyún jẹ́ bí kò tilẹ̀ ṣe ìyá ní nǹkan púpọ̀. Ẹ má jẹ sọ́sééjì tàbí ẹran pẹlẹbẹ tútù láìjẹ́ pé wọ́n mú un gbóná títí yóò fi rú èéfín, kí ó tó ìwọ̀n 74 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ó ti lé ní ọdún 65. Ẹ má sì ki ìdajì tí ó kù bọ inú àpò di alẹ́. Bí ó bá ti kọjá wákàtí méjì níta, inú àkìtàn ni ààyè rẹ̀.

Ní 2015, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ń rí sí àrùn jẹjẹrẹ sọ pé ẹran tí a fi iyọ̀ tàbí oògùn pa mọ́, tí sọ́sééjì jẹ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, a máa fa jẹjẹrẹ ìfun. Gíráàmù 50 lójoojúmọ́, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì kan, fi ìdá 18 nínú 100 kún ewu náà. Ẹ kíyè sí "lójoojúmọ́" yẹn. Ọ̀kan lójú àjò kò dà bí pé kí ènìyàn sọ ọ́ di oúnjẹ ilé, kí ó sì máa fi há àpò oúnjẹ àwọn ọmọ tí ń lọ sí ilé ìwé.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí, ẹ bèèrè dáadáa. Bí wọ́n bá tilẹ̀ sọ pé ẹran màlúù ni, awọ tí wọ́n rọ ọ́ sí lè jẹ́ ti ẹran mìíràn. Ní Tucson, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n fi ń wé họ́ọ̀tì-dọ́ọ̀gì wọn látòkèdélẹ̀.

Ní ti bàbá Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ oògùn rẹ̀ kù. Inú àpò ọwọ́ ni kí ó kó o sí, kí ó má ṣe inú ẹrù tí ọkọ̀ òfurufú lè gbé gba ibòmíràn lọ. Bí agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ bá lù ní Ìbàdàn, agogo méjì òru ni ní Chicago nígbà ooru wọn, agogo kan sì ni nígbà òtútù. Kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó gbéra nípa wákàtí tí yóò máa lò ó lọ́hùn-ún, kí ó sì kọ ọ́ sí ara páálí oògùn náà.