Káàdì Aláìsàn Tí A Kọ Sínú Kọ̀ǹpútà

Bí ìyá kan ní Ṣógúnlé bá gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní òru, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé, "Káàdì ọmọ dà?" Bí káàdì bá wà nílé, tàbí tí òjò ti pa á, tàbí tí ó jẹ́ pé ìlú mìíràn ni wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ náà tẹ́lẹ̀, ìwé tuntun ni wọn yóò ṣí fún un. Ìwé tuntun kò mọ̀ pé ọmọ yìí ti gba abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì rí, tí ara rẹ̀ wú, tí kò sì lè mí dáadáa. Ohun tí ìyá bá rántí nínú ìpayà ni dókítà yóò fi ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á.

Nítorí irú ewu yìí ni a fi ń kó àkọsílẹ̀ ìwòsàn kúrò nínú ìwé sínú kọ̀ǹpútà. Ìpínlẹ̀ Èkó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ sì gbé ètò kan kalẹ̀ ní ọdún 2024 láti so àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn pọ̀. Ṣùgbọ́n rírà ẹ̀rọ kò nira tó pé kí nọ́ọ̀sì àti aláìsàn gbà á tọkàntọkàn.

Kì í ṣe òní ni irú iṣẹ́ yìí dé ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1989, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti Yunifásítì Kuopio ní orílẹ̀-èdè Fínlándì fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti ṣe ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn ìkọ́ni Ifẹ̀. Inú èyí tí àwọn ilé ìwòsàn ajagunfẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà ń lò ni wọ́n ti mú ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì gé e kí ó bá Ifẹ̀ mu. Nígbà tí yóò fi di 1991, ó ti ń ṣiṣẹ́. Ọ́fíìsì àkọsílẹ̀ ni wọ́n gbé e sí, kì í ṣe orí tábìlì dókítà.

Ọgbọ́n wà nínú èyí. Òṣìṣẹ́ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀ ni ó ń ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan láti ka iye ẹni tí a gbà wọlé, iye ẹni tí ó lọ ilé, iye ẹni tí ó kú, àti àrùn tí ó ṣe wọ́n, kí ó tó lè kọ ìwé ránṣẹ́ sí ìjọba. Ẹ̀rọ tí ó bá gba irú làálàá yìí lọ́rùn ènìyàn kò nílò ẹni tí yóò polówó rẹ̀.

Ọ̀ràn nọ́ọ̀sì yàtọ̀. Bí a bá ní kí ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, kí ó tún tẹ ọ̀rọ̀ kan náà sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí ogójì aláìsàn jókòó tí wọ́n ń retí rẹ̀, iṣẹ́ méjì ni a fún un fún owó oṣù kan ṣoṣo. Bí iná mànàmáná bá sì lọ, ìdí ìwé ni yóò padà sí. Àgbà òṣìṣẹ́ tí ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri níwájú àwọn ọmọ tí ó kọ́ níṣẹ́ lè sọ pé òun kò fẹ́ ẹ̀rọ. Wọn a ní alágídí ni, ìtìjú ni. Bí a bá kọ́ ọ níkọ̀kọ̀, tí a sì fún un ní àyè, yóò mọ̀ ọ́n.

Ní ti aláìsàn, àṣírí ni ó ń bà á lẹ́rù. Ẹni tí ó ní ikọ́-ife kò fẹ́ kí aládùúgbò gbọ́, Ṣógúnlé sì jẹ́ ibi tí ilé fara ti ilé. Ẹ̀rù rẹ̀ tọ́. Síbẹ̀, fáìlì orí tábìlì, ẹnikẹ́ni tí ń kọjá lè ṣí i kí ẹnìkan má mọ̀. Kọ̀ǹpútà tí a tò dáadáa a máa kọ orúkọ ẹni tí ó ṣí àkọsílẹ̀ àti wákàtí tí ó ṣí i sílẹ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn di àṣírí. Òfin ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ ara ẹni ti ọdún 2023 sì fún un ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa rẹ̀, kí ó sì ní kí a tún un ṣe bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó lọ jẹun tí ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀ ní ṣíṣí ti ba gbogbo èyí jẹ́.

Títí gbogbo ilé ìwòsàn yóò fi lè ka ohun tí ara wọn kọ, ìyá ọmọ ní láti kọ orúkọ oògùn tí ara ọmọ rẹ̀ kọ̀ sára káàdì, kí ó sì fi í sí ibi tí bàbá ọmọ náà mọ̀.