Ogun Àgbọ́tẹ́lẹ̀ Ni Òkùnkùn Oṣù Kejìlá

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n á dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan ní gbogbo Ìlú Ọba. Ọjọ́ náà kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ó wà nínú kàlẹ́ńdà. Síbẹ̀, lọ́dọọdún náà ni òkùnkùn tó ń tẹ̀ lé e máa ń ká àwọn èèyàn wa tó wà níbẹ̀ mọ́ ibi tí wọn kò ti múra: àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó, àwọn tó ń wa takisí. Kí oṣù Kọkànlá tó parí, ara á ti wúwo. Wọ́n á sùn títí, oorun kò ní tó. Omijé á máa bọ́ láìnídìí. Ẹlòmíràn á wa mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, á jókòó sínú rẹ̀, kò ní lè sọ̀ kalẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni mo ní lọ́kàn tí mo fi gbé gègé.

Ẹni tí wọ́n bí nílẹ̀ wa kì í ka ìmọ́lẹ̀ sí ohun tó lè wọ́n èèyàn. Ní Èkó, ọjọ́ tó kúrú jù lọ lọ́dún ṣì lé ní wákàtí 11 àti ààbọ̀ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí di ìgbà tó máa wọ̀. Èyí tó gùn jù lọ kò sì fi wákàtí kan jù ú lọ. Ní London, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kò pé wákàtí 8. Ní Aberdeen, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń kàwé, tí àwọn mìíràn sì ń ṣiṣẹ́ epo, kò pé wákàtí 7: ó ti ń lọ sí aago mẹ́sàn-án kí oòrùn tó yọ, nígbà tó bá sì di nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ó ti wọ̀. Àwọn Mùsùlùmí wa ló máa ń tètè fura. Ìrun màgàríbì tí wọ́n ń kí nílé nígbà tí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá ń kù sí dẹ̀dẹ̀, ní London lóṣù Kejìlá, á ti wọlé kó tó di aago mẹ́rin. Àílà, alààsárì àti màgàríbì á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa tẹ ara wọn ní gìgísẹ̀. Ẹni tó bá ń wọ iṣẹ́ láago mẹ́jọ àárọ̀, tó ń jáde láago márùn-ún, lè má fojú kan oòrùn láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Ara mọ̀ ọ́n lára. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó bá gba ojú wọlé ló ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́, kó dáwọ́ melatonin dúró, èròjà tó ń mú oorun wá. Tí ìmọ́lẹ̀ yẹn kò bá tó, aago inú ara á máa fà sẹ́yìn, èèyàn á wà lójúfò, ara rẹ̀ á ṣì wà lóru. Norman Rosenthal, dókítà ọpọlọ tí wọ́n bí ní Johannesburg ní South Africa, kó lọ sí New York ní 1976, ó sì ṣàkíyèsí pé agbára òun máa ń lọ sílẹ̀ nígbà òtútù, pé ó máa ń padà bí ọjọ́ bá tún gùn. Ní 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwádìí ìjọba Amẹ́ríkà tẹ ìwé jáde tó ṣàpèjúwe àìsàn náà. Lọ́dọ̀ dókítà, SAD ni wọ́n ń pè é. Ìsoríkọ́ ni, tó ń bá ìgbà wá, tó sì ń bá ìgbà lọ. Oorun àsùnjù wà lára àmì rẹ̀. Kí búrẹ́dì, ìrẹsì àti nǹkan dídùn máa wu èèyàn ṣáá wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ohun tó ń dùn mọ́ni tẹ́lẹ̀ má dùn mọ́ni mọ́.

Mo mẹ́nu kan Rosenthal, ọmọ Áfíríkà, nítorí ohun tí a máa ń sọ láàárín ara wa bí àìsàn yìí bá ṣe èèyàn. Ọkọ á ní ìyàwó òun ti ya ọ̀lẹ. Ìyá nílé á ní ọwọ́ ọ̀tá ni. Wòlíì á ní kó gbààwẹ̀, kó sì ṣọ́ òru. N kò bá àdúrà jà. Àwọn ìjọ wa tó kún Old Kent Road ní London ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ró nígbà tí kò sí alábàárò. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń rẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a tún gba oúnjẹ àti oorun lọ́wọ́ rẹ̀, a ti dá kún ìṣòro rẹ̀ ni. Kí wòlíì gbàdúrà fún un, kó sì bá a dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Òwúrọ̀ lọjọ́. Bó bá jẹ́ ẹyọ ohun kan péré lẹ máa ṣe nínú gbogbo ohun tí mo kọ síbí, ẹ jáde síta láàárọ̀ bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ẹ má sọ pé ojú ọjọ́ ṣú: ìmọ́lẹ̀ òde lábẹ́ ìkùukùu ṣì ju ti iná yàrá lọ fíìfíì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì kó tó dé ibi tí ẹ̀ ń lọ, kí ẹ fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, ẹ wọ kóòtù, kí ẹ jáde. Ẹ ká kọ́tìnì nílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé wa, kọ́tìnì máa ń wà ní títì fún oṣù mẹ́rin gbáko nítorí òtútù.

Iná kan wà tí wọ́n ṣe fún àìsàn yìí, tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10,000 lux. Ẹ óò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì láàárín wákàtí kan tí ẹ bá jí, fún ìṣẹ́jú 20 sí 30, bí ẹ ti ń mu ògì tàbí tíì yín. Ẹ má tẹjú mọ́ ọn. NHS, iléeṣẹ́ ìlera ìjọba, kì í sábà fún èèyàn, rírà ni wọ́n ń rà á. Ẹni tó bá ní àìsàn ojú, tàbí àìsàn ọpọlọ tó máa ń mú kí ara èèyàn yá ju bó ti yẹ lọ nígbà mìíràn, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ léèrè. Oṣù Kẹwàá ló yẹ kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ogun òkùnkùn tó wọlé.

Ti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ òru le ju báyìí lọ, ọ̀rọ̀ wọn sì ń ká mi lára, nítorí àwọn èèyàn wa pọ̀ nídìí iṣẹ́ náà. Ẹni tó dé láago mẹ́jọ àárọ̀, tó sùn di aago mẹ́rin, òkùnkùn ló tún jí sí. Kó sùn lọ́gán tó bá dé, kó gbìyànjú láti jí láago kan tàbí méjì, kó sì rìn lóde kí oòrùn tó wọ̀. Èyí tó ń gba òru mẹ́fà lọ́sẹ̀ nítorí owó tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sílé, mo bẹ̀ ẹ́, dín in kù ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Kí ilé mọ̀ pé owó máa dín.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ kò gùn. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹja, ẹ má fi ọtí wá oorun. Oòrùn Ìlú Ọba kò lágbára tó láti bá awọ ara ṣe fítámìn D láti oṣù Kẹwàá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta; NHS ní kí èèyàn máa lo máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, kí àwa tí awọ wa dúdú sì rò ó láti máa lò ó yípo ọdún.

Gbogbo alángbá ló da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú fọ́nrán òde àríyá àwọn èèyàn wa lókè òkun tí a ń wò, gbogbo wọn wọ aṣọ ẹbí, gbogbo wọn ń jó. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pe ilé lálẹ́, tó ní ó ti sú òun, èsì tó máa gbà ni pé, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè òkun, kí ló lè máa dùn yín?” Á rẹ́rìn-ín, á sì pa fóònù. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwa náà là ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ẹ̀yin òbí tó wà nílé, tí ọmọ yín bá pè, ẹ kọ́kọ́ béèrè bó ṣe sùn, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó ilé ìwé àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ tó wà nítòsí, ẹni tí kò bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí àsàlátù fún ọ̀sẹ̀ méjì léra, ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ wá a. Ẹ lọ kanlẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì mú un jáde nígbà tí oòrùn ṣì wà lókè.

Bí ìbànújẹ́ bá ti dí oúnjẹ, iṣẹ́ tàbí ìtọ́jú ọmọ lọ́wọ́, ó ti kúrò ní ohun tí ìrìn òwúrọ̀ nìkan lè kápá. Ní England, èèyàn lè forúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ fún NHS Talking Therapies láìgba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, ọ̀fẹ́ sì ni. Ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ lásán: Kelly Rohan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University of Vermont fi irú rẹ̀ kan wé iná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Méjèèjì ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó di ìgbà òtútù kejì lẹ́yìn rẹ̀, àìsàn àwọn tó gba ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ni kò padà tó ti àwọn oníná. Ẹni tí èrò àtipa ara rẹ̀ bá sọ sí lọ́kàn, kó má dúró di ọjọ́ kejì: kó pe 111, kó tẹ 2, tàbí kó pe Samaritans ní 116 123, wọ́n ń gbé e tọ̀sán-tòru, kò sì gba owó.

Bó bá jẹ́ oṣù Kẹsàn-án lẹ̀ ń ka èyí, ẹ pe dókítà yín lọ́sẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ oṣù Kìíní ni, ẹ pè é lónìí.