Ẹ Má Ṣe Sọ Ibòòji Ìlú Di Àkìtàn

Ẹ̀yin ará wa nínú Ìsìláàmù, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kìlọ̀ pé kí á ṣọ́ra fún ohun méjì tó ń fa ègún: kí ènìyàn ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ sójú ọ̀nà, tàbí sábẹ́ ibòòji tí àwọn ènìyàn ń sinmi. Ibòòji ni ọgbà ìgbafẹ́ ìlú. Ẹni tó bá ń da ilẹ̀ síbẹ̀, ohun gbogbo wa ló ń bà jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí á fi Ọgbà Agodi ní Ìbàdàn kọ́gbọ́n. Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya. Ìdọ̀tí tí wọ́n ń dà sínú rẹ̀ àti ilé tí wọ́n kọ́ sí bèbè rẹ̀ wà lára ohun tó dí omi lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ló bá a lọ. Omi náà ba ọgbà jẹ́, ó sì gbé àwọn ẹranko ibẹ̀ lọ. Ọdún gorí ọdún kí ìjọba Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bí tó tún un ṣe. Lónìí, tọmọtìyá ń gbafẹ́ níbẹ̀.

Àwa ará Àkúrẹ́ náà ní odò Àlà, a sì ní ọgbà MKO Abiola Democracy Park. Ìjọba lè tún ọgbà ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ìtọ́jú rẹ̀ wà. Àkìtàn àti igbó ń fa eku, eku ló sì ń gbé ibà Lassa kiri. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà yìí ti ń pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Omi tó dúró sínú kòtò ń di ilé ẹ̀fọn, èyí tó ń fa ibà.

Nítorí náà, kí jamáà kọ̀ọ̀kan yan ọjọ́ kan lóṣù fún ìmọ́tótó àdúgbò:

1. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku.
2. Ẹ ro igbó, ẹ kó ìdọ̀tí sínú àpò, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí odò.
3. Ẹ da omi inú agolo àti táyà nù, ẹ sì dí kòtò.
4. Ẹ gbin igi. Ohun tí ènìyàn tàbí ẹyẹ bá jẹ lára rẹ̀, sàráà ni fún ẹni tó gbìn ín.
5. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn iṣẹ́.

Bí ọgbà bá mọ́, ẹ rìn níbẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú, ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Ó dára fún ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Mímú ohun ìnira kúrò lọ́nà jẹ́ ẹ̀ka ìgbàgbọ́. Kí Ọlọ́hun gbà á ní iṣẹ́ rere lọ́wọ́ wa. Àmín.