Ẹ̀rọ Amúlétutù Nígbà Ooru

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí ọyẹ́ bá ti kógbá sílé, ooru a dé. Ní Kano àti Niamey, ooru oṣù kẹrin lè kọjá ìwọ̀n Celsius 40. Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé ẹ̀rọ amúlétutù kì í dá òtútù sílẹ̀. Ooru inú ilé ni í kó sóde. Ẹni tí ó tan án tí ó sì ṣí fèrèsé sílẹ̀ ń fi agbọ̀n gbé omi ni.

Èkíní, ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì ta aṣọ sójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé. Èkejì, ẹ máa fọ asẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù, nítorí eruku a máa dí i. Ẹ̀kẹta, ẹ fi í sí ìwọ̀n 25, kì í ṣe 18, kí fáànù sì ràn án lọ́wọ́. Iná díẹ̀ ni fáànù ń jẹ.

Owó iná tí a kò fi ṣòfò ni yóò ra ìwé fún ọmọ.