Nígbà tí vCenter Bá Yí Padà: Ẹ̀wọ̀n Backup Ńkọ́?

Ẹ̀wọ̀n backup kì í já nítorí pé wọ́n pààrọ̀ vCenter. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé sọfitíwia backup kì í dá àwọn VM mọ̀ mọ́. Ìdáhùn kúkúrú nìyí fún òǹkàwé tó kọ̀wé pé òun kó VM ilé-iṣẹ́ òun sábẹ́ vCenter tuntun, ni Veeam, sọfitíwia backup tó ń lò, bá ń ṣe backup gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Orúkọ kọ́ ni Veeam fi ń dá VM mọ̀. vCenter máa ń fún VM kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan tó ń jẹ́ MoRef, bíi vm-1042, nọ́ńbà yìí sì ni Veeam ń kọ sínú dátábéèsì rẹ̀. Bí wọ́n bá yọ ESXi, ìyẹn sáfà tí àwọn VM ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, kúrò lábẹ́ vCenter àtijọ́, tí wọ́n so ó mọ́ tuntun, VM náà á gba nọ́ńbà mìíràn, bí orúkọ àti dísìkì rẹ̀ kò tilẹ̀ yí. Ó dà bí akẹ́kọ̀ọ́ tó pààrọ̀ ilé-ìwé, tí èsì ìdánwò rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ nọ́ńbà ilé-ìwé àkọ́kọ́. Fífún vCenter tuntun ní orúkọ DNS ti àtijọ́ kì í dá nọ́ńbà náà padà.

Upgrade vCenter láti 6.7 sí 7 kì í fa wàhálà yìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíkó vCenter kúrò lórí Windows lọ sórí VCSA (ẹ̀yà vCenter tó jẹ́ appliance), èyí tó di dandan fún ẹni tó bá fẹ́ lo vSphere 7 tó jáde ní 2020. Àwọn wọ̀nyí ń gbé dátábéèsì àtijọ́ dání. vCenter tí wọ́n gbé kalẹ̀ lọ́tun ló ń dá nọ́ńbà tuntun sílẹ̀.

Ká ní VM ìṣírò owó kan gba 800 GB nínú fáìlì .vbk (backup kíkún), tí àwọn .vib ojoojúmọ́ (ohun tó yí padà nìkan) sì tò lé e. Lóru ọjọ́ tí nọ́ńbà rẹ̀ yí, Veeam á bẹ̀rẹ̀ backup kíkún tuntun. Bí 600 GB péré ló ṣẹ́kù lórí repository, ibi tí Veeam ń kó backup pamọ́ sí, job náà á kùnà. Ewu tó ju èyí lọ wà nínú ètò job: bí wọ́n bá ti ní kí Veeam máa pa dátà VM tí kò sí mọ́ rẹ́ lẹ́yìn iye ọjọ́ kan, ẹ̀wọ̀n àtijọ́ lè pòórá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ètò yẹn ló yẹ kí ẹni tó ń bójú tó backup kọ́kọ́ pa, kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn náà, kó dá gbogbo job dúró, kó sì ṣe backup configuration Veeam fúnra rẹ̀. Kó fi vCenter tuntun kún Veeam, ṣùgbọ́n kó má yọ àtijọ́ kúrò, torí irinṣẹ́ ìṣípòpadà tí Veeam ṣe, vCenter Migration Utility, nílò méjèèjì. Orúkọ ni irinṣẹ́ yìí fi ń so nọ́ńbà àtijọ́ mọ́ tuntun. Nítorí náà, ẹni náà kò gbọdọ̀ yí orúkọ VM padà kó tó lò ó, VM méjì kò sì gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà. Tí irinṣẹ́ náà bá parí, kó ṣí job kékeré kan ṣoṣo, kó sì wo ohun tí job náà kọ sílẹ̀. Veeam lè ka gbogbo dísìkì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, torí pé CBT, àkọsílẹ̀ apá dísìkì tó yí padà, kò bá ti tẹ́lẹ̀ mu; bí fáìlì tó jáde bá jẹ́ .vib kékeré, ẹ̀wọ̀n ti so padà.

Ní ti òǹkàwé yìí, tí job rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ná lórí nọ́ńbà tuntun, ó sàn kó jẹ́ kí ẹ̀wọ̀n tuntun máa lọ bí àyè bá wà. Fáìlì àtijọ́ kò bàjẹ́: wọ́n ṣì lè dá VM padà láti inú wọn sórí vCenter tuntun, bí wọ́n bá fi ọwọ́ yan ibi tó máa bọ́ sí. Retention job, ìyẹn òfin tó ń pa backup tó ti pẹ́ rẹ́, kì í sábà kàn wọ́n mọ́, nítorí náà òǹkàwé náà fúnra rẹ̀ ni yóò pa wọ́n rẹ́, nígbà tí ẹ̀wọ̀n tuntun bá ti gùn tó iye ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè padà sí.