Arère kì í ṣe pákó burúkú, ibi tí wọ́n ń lò ó sí ló ń bà á jẹ́

Ẹni tó fi arère kan òrùlé ilé ẹ̀ torí pé kò wọ́n, tí ikán wá dà bò ó, pákó ló máa ń bú. Bẹ́ẹ̀ rèé, igi ò ṣẹ̀ ẹ́.

Arère làwọn oníṣòwò gẹdú ń pè ní obeche. Wawa lorúkọ ẹ̀ ní Gánà, wọ́n ń pè é ní ayous ní Kamẹrúùnù. Igi ńlá ni nínú igbó, àmọ́ pákó ẹ̀ fúyẹ́. Bó bá gbẹ dáadáa, èyí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan kò ju nǹkan bíi kílò 380 lọ. Ti ìrókò ń lọ sí bíi 650. Ayùn ń wọ arère wẹ́rẹ́, ìṣó náà ń wọlé láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kì í di ìṣó mú púpọ̀. Káfíńtà tó gbọ́n á fi gúlú kún un.

Inú dúróà, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, fírémù fọ́tò àti àárín páìwúùdù ló yẹ ẹ́. Ní Yúróòpù, òun ni wọ́n fi ń ṣe àga inú sauna, yàrá ooru tí wọ́n ti ń làágùn, torí pé kì í tètè gbóná, kò sì ní oje tó lè máa ro síni lára.

Ibi tí owó ti ń sọnù ni ìdúró pẹ́. Bí gẹdú arère bá sùn sínú igbó lẹ́yìn tí wọ́n gé e, pàápàá lásìkò òjò, èbu á sọ ọ́ di aláwọ̀ aró. Agbára ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù, àmọ́ ta ni yóò fi pákó alábàwọ́n ṣe fírémù? Kíá ló yẹ kí wọ́n là á, kí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín pákó kan sí èkejì kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá. Kì í pẹ́ gbẹ, kì í sì í sábà wọ́.

Ọ̀rọ̀ oògùn ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Oògùn ń wọ apá tó wà lẹ́bàá èèpo, kò fi bẹ́ẹ̀ wọ àárín, bẹ́ẹ̀ ojú lásán kò lè tètè mọ ìyàtọ̀ méjèèjì. Ẹni tó kàn fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún lóde, tó wá rì í mọ́lẹ̀, ikán ló ń bọ́. Fún òpó, ìlẹ̀kùn ìta àti ibi tí òjò ti ń pa á, kó ra ìrókò, bó tilẹ̀ wọ́n. Kó wá fi owó tó bá ṣẹ́ kù ra arère fún inú kọ́bọ́ọ̀dù.