Inú Rírun Nígbà Ìtọ́jú Àtirọ́mọbí: Ẹ Má Fi Ọwọ́ Yẹpẹrẹ Mú Un



Ọrẹ Ọlọ́hun ni ọmọ. Ànábì Sakariyáù (alayhi salaam) pàápàá tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Olúwa rẹ̀. Nítorí náà, tọkọtaya tó bá wá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kò ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń fi ìtọ́jú yìí ṣe àṣírí, àṣírí náà sì lè di ewu. Ewu tí a fẹ́ sọ lónìí kò wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè gba ẹ̀mí.

Kí ni ewu náà?

Ẹ̀yà ara kan wà nínú ikùn wa, lẹ́yìn àpò tí oúnjẹ ń bọ́ sí. Pancreas ni àwọn dókítà ń pè é. Òun ló ń pèsè omi tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà, àti insulin tó ń kápá ṣúgà. Bí irú ọ̀rá kan tó ń jẹ́ triglyceride bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀yà ara yìí lè wú, kí omi rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ fúnra rẹ̀. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé ọ̀rá yìí kò tó 150, ó dára. Bó bá kọjá 500, ẹ fura. Bó bá ju 1,000 lọ, ewu ńlá ni.

Báwo ló ṣe kan ìtọ́jú ọmọ?

Wọ́n sábà máa ń lo oògùn estrogen láti múra ilé ọmọ sílẹ̀ kí wọ́n tó gbé ọlẹ̀ sí i. Oníhóró rẹ̀ tí a ń gbé mì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ pèsè ọ̀rá yìí sí i. Kì í ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń pa lára. Àmọ́ ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó sanra jù, tàbí ẹni tí ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ pípọ̀ wà nínú ìdílé rẹ̀, ọ̀rá náà lè ga sókè lójijì. Oyún fúnra rẹ̀ tún máa ń gbé e ga.

Kí ni ká ṣe?

1. Kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò.

2. Bó bá ga, dókítà lè yí oògùn náà padà sí èyí tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

3. Ẹ dín ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò àti oúnjẹ ọlọ́ràá kù. Ọtí tí Ọlọ́hun ṣe ní haraamu fún wa wà lára ohun tó ń dá àìsàn yìí sílẹ̀.

4. Bí òkè ikùn bá ń ro yín gan-an, tí ìrora náà wọ ẹ̀yìn lọ, tí ẹ sì ń bì, ẹ má pè é ní ọgbẹ́ inú kí ẹ wá máa mu àgbo. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ ní wákàtí yẹn.

Ẹ̀yin ọkọ, bí ìyàwó yín kò bá lè sọ̀rọ̀ nítorí ìrora, tàbí tó ń tijú nítorí ìyá ọkọ dúró tì í, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ gbogbo oògùn tó ń lò fún dókítà. Ìtìjú dára nínú ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe níwájú ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí là.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn tó ń wá ọmọ ní ọmọ rere, kí ìyá náà sì yè. Aamiin.